Ìwé Tí Mo Wá Dé Àjàṣẹ́

Aránṣọ ni mí ní Kétu, lẹ́bàá Àkàbà Ìdénà.
Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń wọn èjìká ẹlòmíràn,
n kò wọn ọ̀rọ̀ rí,
àfìgbà tí ọmọ Láléyè pè mí lórí fóònù,
ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti ká eyín iwájú,
ó ní, "Uŋčí."
Mo ní, kí ló wí?
Láléyè rẹ́rìn-ín láti Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún:
"Ìyá àgbà ló pè yín, Màámi.
Èdè àwọn ìyá rẹ̀ ni. Lakota."

Ìyá àgbà!
Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ lọ́jà, wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì,
kò wọ̀ mí lára tó báyìí rí.
Wọ́n pe ènìyàn, ó yẹ kó jẹ́.
Kí ni mo fẹ́ fi jẹ́ ẹ?

Mo lọ bá Fadá. Fadá ní Látìn lòun mọ̀.
Mo lọ bá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì,
ó wo ojú fóònù rẹ̀ títí, iná tán nínú rẹ̀.
Ni mo bá wọ takisí, mo gba Pobẹ̀, mo gba Sákété,
ó di Àjàṣẹ́, ó di ilé ìkàwé.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò ojú ńlá
gbé ìwé nípọn kan wá, ó nu eruku rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.
Mo ṣí i. Látìn náà tún ni!
"Ẹ má bínú, Màmá, Látìn ni mo gbọ́."
Látìn kún àjà mẹ́ta níbẹ̀,
ti ọmọ ọmọ mi kò ní ewé kan.
Mo jẹ àkàsà létí ọ̀sà kí n tó padà.

Lóṣù kejì, ìwé dé ní pósítì,
ogójì ojú ewé, Láléyè fi páálí bàtà dì í.
Ẹ wá wo lẹ́tà! Òmíràn dé fìlà,
òmíràn ní ìrù bí alángbá.
Ẹ̀rù ò bà mí. Ní kíláàsì àgbà tí mo ti kọ́ Yorùbá kíkọ,
ṣebí ẹ àti ọ náà ní hóró iyọ̀ kan lábẹ́.

Inú ìwé ìwọ̀n ni mo ń kọ ọ́ sí:
Àyà Ìyàwó Ṣàbí, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Mní, omi.
Apá, méjìdínlọ́gọ́ta. Até, bàbá.
Ìbàdí, ọgọ́rùn-ún ó lé. Wašté, ó dára.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í fọhùn.
Báwo ni "Uŋčí" ṣe ń gba imú jáde? Ìwé dákẹ́.
Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Láléyè gbé fóònù fún ìyá ìyàwó rẹ̀,
arúgbó bí èmi. Ó ń sọ, Láléyè ń túmọ̀:
nílé ìwé wọn láyé ìgbà náà, ẹni tó bá sọ Lakota,
ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ ẹnu rẹ̀.
N kò lè fọhùn.
Mo rántí ìkarahun ìgbín,
okùn rẹ̀ ń họ mí lọ́rùn láti àárọ̀ títí dé ọ̀sán
torí mo wí fún ẹnìkejì mi pé "sún díẹ̀",
n kò sì fi Faransé wí i.
Mo ní kí Láléyè sọ fún un.
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
Lẹ́yìn náà ó pe ọ̀rọ̀ náà fún mi, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.
Mo pè é. Ó ní rárá. Mo tún pè é.
Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín wa lẹ́yìn.

Mo bi í bí wọ́n ṣe ń wí pé ó dàbọ̀.
Ó ní àwọn kò ní in, "tókša" làwọn ń wí, ó di ìgbà míì.
Mo ní ọ̀kan náà ni: à ń lọ, a ó bọ̀.
Nẹ́tíwọ̀kì já.

Títí di òní, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pe abẹ́rẹ́.
Kò sí nínú ogójì ojú ewé náà.
Mo fi àyè sílẹ̀ fún un
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn Ìyàwó Ṣàbí,
tí aṣọ rẹ̀ ì bá ti jáde láti ọjọ́ Ẹtì.